Yorùbá yé wọn, ìwádìí ni ò yé wọn

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ káàsán ma. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí másítà mi lórí ìlera àwùjọ ni. Iṣẹ́ mi dá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ìyá ọlọ́jà, mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń jẹ iyọ̀ sí, mo sì wọn BP wọn. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé màá padà wá sọ ohun tí mo bá rí, ni mo bá túmọ̀ abstract mi, ìyẹn àkópọ̀ kúkúrú tó máa ń ṣíwájú iṣẹ́ ìwádìí, sí Yorùbá, mo gbé e sórí Facebook, ó sì dé orí WhatsApp àwọn ọlọ́jà. Àmọ́ èsì tó ń wọlé ò yé mi mọ́. Àwọn kan kàn ń ṣàdúrà fún mi. Ìyá kan ní òun ò jẹ iyọ̀ mọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè, torí náà òun ti pa oògùn BP òun tì. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, àròjù ló ń fa BP. Sùpáfáísọ̀ mi wá ní òun kúkú ti sọ fún mi, pé tí wọ́n bá ti mú ìwádìí rọrùn fún ará ilé báyẹn, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni ma? Kí ni mo ṣe tí kò dáa?”

Àbúrò mi, ká tó sọ ohunkóhun nípa ìwé kíkọ, ọ̀rọ̀ ìyá tó pa oògùn tì yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú. Èmi kì í ṣe dókítà, iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń jókòó ti àwọn olùwádìí, a ó jọ wá bí ohun tí wọ́n rí ṣe máa yé ará ọjà, ará oko àti òbí ọmọ ilé ìwé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ èyí ò gba dókítà: wá nọ́ńbà ìyá yẹn, pè é lónìí, má kàn dá a lóhùn lábẹ́ póòsì. Sọ fún un pé ìwádìí tìẹ ò dán oògùn kankan wò, kò sì sọ níbì kankan pé ẹni tó bá jáwọ́ nínú iyọ̀ lè fi oògùn sílẹ̀, kó padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún un lóògùn, kí wọ́n tún BP ẹ̀ wọ̀n. Lẹ́yìn náà kó o kọ ọ́ sórí póòsì yẹn, lókè pátápátá, torí àwọn tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp kì í ka dé ìsàlẹ̀. Tó o bá ti ṣèyẹn tán, padà wá ka ìyókù.

Bó ṣe yé mi, ohun méjì ló lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè ẹ. Ọ̀kan ni pé ṣé ìwádìí lè di ọ̀rọ̀ ará ilé kó má bàjẹ́, èkejì ni pé o bá ọmọ Yorùbá sọ Yorùbá, kò sì yé wọn. Jẹ́ ká mú èkejì ná. Gbé abstract ẹ, bó ṣe wà lédè òyìnbó gan-an, fún ọ̀rẹ́ ẹ tó jẹ́ lọ́yà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Òyìnbó yé e, òun ló fi ń jẹun, síbẹ̀ kò ní lè sọ fún ẹ ohun tó o rí. Ṣó o rí i, Yorùbá kọ́ ló kùnà. Àwọn tó ti mọ ojú ọ̀nà ni wọ́n ń kọ abstract fún. Ó dà bí ẹni tó ń júwe ilé ẹ̀ fún àlejò tó ní “tó o bá ti rí ilé Àlàájì, yà”, ó ti pẹ́ ní àdúgbò yẹn débi tó ti gbàgbé pé àlejò ò mọ Àlàájì kankan. Bó o bá wá túmọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá tó mọ́ jù láyé, ẹni tó mọ Àlàájì náà ló ṣì ń bá sọ̀rọ̀.

O fi ohun tó o kọ ránṣẹ́ sí mi, mo sì kà á. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé “ìbáṣepọ̀ tó nípọn wà láàárín àfikún iyọ̀ àti ìfúnpá gíga láàárín àwọn obìnrin ọlọ́jà.” Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ìyá tó ń ta ata ò mọ àwọn tó o wọ̀n, kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo wọn BP wọn, kò mọ̀ pé ṣe lo pín wọn sí ọ̀nà méjì, àwọn tó máa ń bu iyọ̀ sóúnjẹ tó ti jinná àtàwọn tí kì í bù ú, tó o wá wò ó pé apá wo ni BP ti pọ̀ jù. Gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹ, ibi tó o parí ẹ̀ sí nìkan lo gbé síta. Wọ́n máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odidi. Láàárín ọmọ ìyá tàbí tọkọtaya ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ìdajì tó kù ti wà nínú àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìwádìí, ọ̀dọ̀ ẹ nìkan ni ìdajì yẹn wà. Tó o bá sọ àbọ̀, kálukú á fi ohun tó wà nínú ẹ̀ kún un, á di odidi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe odidi tìẹ. Wo àwọn mẹ́ta tó o dárúkọ yẹn: ẹni tó ń ṣàdúrà fi ìdùnnú pé ọmọ wa ti gboyè kún un, ìyá olóògùn fi ìrètí kún un torí oògùn ojoojúmọ́ ti sú u, ẹni tó ní àròjù ni, ohun tójú ẹ̀ ti rí nínú ilé tiẹ̀ ló fi kún un.

Ẹni kẹta yẹn gan-an ni kó o fetí sí jù, torí òun nìkan ló bá ẹ jiyàn, ẹni tó bá ń jiyàn sì ti ń ronú. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ní lágbájá ní BP, ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni gbèsè, wàhálà ọkọ, ọmọ tí ò gbọ́ràn, pé ó ń ronú jù. Wọ́n sì gbà pé tí BP bá wà, orí á máa fọ́ni, àyà á máa já, tí kò bá ti sí ìyẹn, ara le. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí nọ́ọ̀sì ń sọ, ìyẹn tí nọ́ńbà òkè bá ti tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90 lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ó lè wà lára èèyàn fún ọdún gbọọrọ láìfi àmì kankan hàn. O wá gbé iyọ̀ dé, o ò mẹ́nu kan àròjù rárá, létí ẹni yẹn ṣe ló dà bíi pé ò ń sọ pé ohun tójú ẹ̀ ti rí kì í ṣe òótọ́. Kò sẹ́ni tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó o kọ ni pé ìdààmú ọkàn lè gbé BP sókè fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, pé o ò bi wọ́n léèrè àròjù nínú iṣẹ́ tìẹ, iyọ̀ lo béèrè, ohun tó o rí nípa iyọ̀ ò sì lé àròjù dànù. Gbólóhùn mẹ́ta péré, ẹni yẹn á sì rí àyè jókòó tì ẹ́.

Ibi tó tún yẹ kó o ṣí payá fún wọn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo wọ̀n wọ́n. O bá iyọ̀ àti BP pa pọ̀ níbì kan náà lọ́jọ́ kan náà, o ò rí èyí tó kọ́kọ́ dé. Ó tiẹ̀ lè yí po, torí ẹni tí wọ́n ti sọ fún ní ọ́sípítù pé ó ní BP lè ti dín iyọ̀ kù kó o tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó o bá bi í, á ní òun kì í bu iyọ̀, BP ẹ̀ sì ga. Ìyá tó ti tajà fún ogún ọdún á gbọ́ irú àlàyé yìí dáadáa, ó kàn jẹ́ pé wọn kì í sọ ọ́ fún wọn ni, wọ́n á ní kò ní yé wọn. Má sì jẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ tìẹ nìkan ló gbé ọ̀rọ̀ iyọ̀ dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, DASH-Sodium ni wọ́n ń pè é, àwọn olùwádìí fúnra wọn ló ń fún àwọn èèyàn lóúnjẹ, wọ́n ń yí iyọ̀ inú ẹ̀ padà, púpọ̀ fún bí oṣù kan, níwọ̀n fún oṣù kan, kékeré fún oṣù kan, bí iyọ̀ ṣe ń wálẹ̀ ni BP náà ń wálẹ̀. Irú èyí ló lè sọ pé iyọ̀ ló ṣe é, torí àwọn ló ń fọwọ́ ara wọn yí iyọ̀ náà. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà lára ìdí tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fi ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, ó tó ṣíbí tíì kékeré kan, gbogbo èyí tó wọnú ọbẹ̀, búrẹ́dì àti ohun tá a ra níta ló sì wà nínú ṣíbí kan yẹn. Iṣẹ́ tìẹ wá ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ọjà kan lọ́dọ̀ wa. Ohun gidi ni, má gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, má sì fojú kéré ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ará ìta, àbájáde ni kí wọ́n gbọ́. Kí wọ́n rántí oṣù kẹta ọdún 2020. Ìwádìí kan jáde láti Marseille nílẹ̀ Faransé pé hydroxychloroquine, àbúrò kòlórókúìnì tá a mọ̀, ń lé kòrónà lọ. Ààrẹ Trump gbé e sẹ́nu, kó tó ọjọ́ mélòó kan, àwọn èèyàn ti ń wá kòlórókúìnì kiri Èkó, oògùn tí Nàìjíríà ti fi àwọn míì rọ́pò fún ibà láti 2005, tó sì máa ń jẹ́ kí ara yún ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sì pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìlera l’Ékòó kéde pé àwọn kan ti dèrò ọ́sípítù torí pé wọ́n lò ó jù. Àbájáde yẹn dé etí gbogbo ayé. Ohun tí ò dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé èèyàn 36 péré ni wọ́n kà, 20 lo oògùn náà, 16 ò lò ó. Àwọn 26 ló bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n yọ 6 kúrò nínú ìṣirò, nínú àwọn 6 yẹn, àìsàn àwọn mẹ́ta le débi tí wọ́n gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè, ọ̀kan sì kú. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2024 kí ìwé ìròyìn tó gbé ìwádìí náà jáde tó fà á padà. Sọ ìyẹn fún ìyá èyíkéyìí tó ń dá àjọ, sọ pé àwọn tí nǹkan burú fún wà lára àwọn tí wọ́n yọ kúrò nínú kíkà, kò ní jẹ́ kó o parí ọ̀rọ̀ kó tó ní “ẹ ò wá ní kà wọ́n kẹ̀?” Òye ìwádìí nìyẹn. Ó wà nínú ìyá yẹn tẹ́lẹ̀, wọn ò kàn fún un ní ohun tó máa fi ṣiṣẹ́.

Nọ́ńbà náà ní ìjàǹbá tiẹ̀. O kọ ọ́ pé ewu BP “di ìlọ́po méjì” lára àwọn tó ń bu iyọ̀. Ìlọ́po méjì kí ni? Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995 ní Britain, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ààbò oògùn kìlọ̀ pé àwọn oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tuntun kan máa ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni. Àmọ́ láti nǹkan bí obìnrin 1 nínú 7,000 ló fi di 2 nínú 7,000. Ìlọ́po méjì ni ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n ń pariwo, ẹ̀rù ba àwọn obìnrin, ọ̀pọ̀ pa oògùn tì, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fojú bù ú pé oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní England àti Wales fi nǹkan bí 13,000 lé sí i. Oyún fúnra ẹ̀ sì ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì ju oògùn yẹn lọ. Nítorí náà, tó o bá ń kọ nọ́ńbà, má sọ ìlọ́po láìsọ ibi tó ti gbéra. Ka èèyàn fún wọn: nínú ìyá 100 tí kì í bu iyọ̀, mélòó ni BP wọn ga, nínú 100 tó ń bù ú, mélòó. Jẹ́ kó jẹ́ 100 lápá méjèèjì, má ṣe fi ìdá mẹ́rin síbí kó o fi pàsẹ́ńtì sọ́hùn-ún, torí àárín méjèèjì yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù, títí kan àwọn tó lọ yunifásítì.

Ìwádìí kan wà tó jẹ́ ti ilé wa tí mo máa ń fi ṣàlàyé bí gbogbo èyí ṣe lè wà níbì kan náà. Àwọn dókítà University of Ibadan, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, àti àwọn ti Indiana University ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè, apá kan ní Ìdíkàn nílùú Ìbàdàn, apá kejì jẹ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bákan náà làwọn àgbà ṣe ń ṣarán níbi méjèèjì. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2001 ni pé nínú 1,000 àgbàlagbà tí iyè wọn pé, bíi 13 tàbí 14 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán láàárín ọdún kan ní Ìdíkàn, ní Indianapolis, bíi 32. Tí ẹni tó ń sọ ọ́ bá sọ àbọ̀, kíá ló máa di pé Yorùbá kì í ṣarán, ẹlòmíì á ní àmàlà ni. Àmọ́ 13 kì í ṣe òdo. Apá tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé kí wọ́n tó lè fi àwọn méjèèjì wéra, wọ́n ní láti to ìbéèrè tí kò gba pé èèyàn lọ sílé ìwé, torí bàbá tí ò kàwé rí lè kùnà ìdánwò ìwé láìsí pé iyè ẹ̀ ra, wọ́n sì tún ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé ẹ̀ bó ṣe ń ṣe sí. Tó o bá sọ èyí fún ìyá kan lọ́jà, ó lè bi ẹ́ pé ṣé kì í ṣe pé àwọn tiwa ń kú kí arán tó dé, àbí ṣé ará ilé ò ní bo bàbá wọn láṣìírí. Àwọn onímọ̀ náà ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè yẹn. Ìgbà tí olùkàwé bá lè bi ẹ́ ní ohun tó lè mi ìwádìí ẹ lẹ́sẹ̀ ni mo máa ń gbà pé ó ti yé e, kì í ṣe ìgbà tó bá mi orí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ tún tìẹ kọ, màá bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ rántí pé mo wá sọ́jà yín, mo wọn BP yín, mo sì béèrè bóyá ẹ máa ń bu iyọ̀ sóúnjẹ tẹ́ ẹ ti sè tán. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn tó ń bù ú ní BP ju àwọn tí kì í bù ú lọ. Iye báyìí ni yín. Nínú 100 tí kì í bù ú, iye báyìí ni BP wọn ga, nínú 100 tó ń bù ú, iye báyìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wọ̀n ọ́n, torí náà iṣẹ́ tèmi nìkan ò lè sọ pé iyọ̀ ló fà á, àmọ́ àwọn míì ti dín iyọ̀ kù fún àwọn èèyàn, BP wọn sì wálẹ̀. Mi ò béèrè nípa àròjù. Mi ò dán oògùn wò, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn ẹ̀ sílẹ̀ torí ọ̀rọ̀ mi.” Fi nọ́ńbà tìẹ síbi tí mo ní iye báyìí. Orúkọ sọ́fítíwìà tó o fi ṣe ìṣirò, tíọ́rì tó o gbé e kà, orí kejì tó o fi to iṣẹ́ àwọn aṣáájú, gbogbo ẹ̀ lè kúrò, kò sẹ́ni tí ìyẹn máa pa lára. Ibi tí sùpáfáísọ̀ ẹ ti gba òótọ́ sọ nìyí: ohun kan wà tó jẹ́ pé tó o bá yọ ọ́, ìwádìí ti bàjẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ni ta lo bi, mélòó ni wọ́n, kí lo fi wé kí, kí ni kò lè sọ. Ìyẹn gan-an lo sì yọ nínú Yorùbá tìẹ, o wá fi “ìbáṣepọ̀ tó nípọn” sílẹ̀. Mú èyí tuntun lọ fún un, ní kó fi ìlà sábẹ́ ibi tí irọ́ bá ti wà. Ó ṣeé ṣe kó rí ọ̀kan tàbí méjì, á sì ṣe ẹ́ láǹfààní.

Ní ti ọ̀nà tó o máa gbà gbé e síta, kò sí èyí tí kò ní àléébù. Tó o bá kọ ọ́, àwọn tí ò lè ka Yorùbá, tó sì pọ̀ lọ́jà, ò ní rí nǹkan kan. Fọ́ìsì nóòtì á dé ọ̀dọ̀ wọn, àmọ́ wọ́n lè gé e sí méjì kí wọ́n fi apá kan ránṣẹ́, nítorí náà jẹ́ kó kúrú, kí ọ̀rọ̀ oògùn yẹn wà níbẹ̀rẹ̀. Rédíò dáa torí wọ́n lè pè wọlé bi ẹ́ ní ìbéèrè. Pé kó o fúnra ẹ lọ ló dáa jù lójú tèmi, ó sì ń gba àkókò àti owó mọ́tò, mi ò ní tàn ẹ́. Èyí tó wù kó o yàn, kọ́kọ́ wá ìyá kan tí kò sí nínú ìwádìí ẹ, kà á fún un, má bi í pé ṣó yé e, torí ọ̀wọ̀ á jẹ́ kó ní ó yé òun. Sọ pé “ẹ bá mi sọ ọ́ fún Ìyá Sikírá tó ń bọ̀ yìí”, kó o wá dákẹ́ kó o gbọ́. Ibi tó bá ti sọ ohun tí o ò sọ, ibẹ̀ ni kó o lọ tún kọ. Má sì retí pé gbogbo ẹni tó bá yé máa yí padà. Ẹlòmíì á gbọ́ ẹ délẹ̀délẹ̀, á ṣì bu iyọ̀ sí ìrẹsì ẹ̀ lójú ẹ, bóyá torí pé ọbẹ̀ tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ẹ̀ nìyẹn, bóyá torí pé ó dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sì ni. Iṣẹ́ tìẹ ni pé kó mọ ohun tó ń yàn.

Kì í ṣe ọjọ́ ọjà gan-an ni kó o lọ o, wọn ò ní ráyè tìẹ, lọ ní ọjọ́ tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, kó o kọ́kọ́ rí ìyálọ́jà, kó o sì mú ẹ̀rọ BP dání, torí tó o bá sọ ọ́ kó yé wọn, àwọn kan máa na apá sí ẹ kó o tó dìde.